Ìtara tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé GCE ti tán pátápátá. Báwo lẹ̀yin ṣe ń bá nǹkan dé òpin?

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́ Ajé, 11:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹni ọdún 34 ni mí. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Nígbà tí mo ṣe WAEC ní 2009, mo rí kírẹ́díìtì mú nínú Yorùbá, Bàọ́lọ́jì, ètò ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀ Bíbélì. Gẹ̀ẹ́sì fún mi ní D7, ìṣirò fún mi ní F9. Kò sówó láti tún un ṣe, ni wọ́n bá mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ. Mi ò kábàámọ̀ iṣẹ́ náà, òun ló ń bọ́ mi, òun ló ń sanwó ilé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi pé màá lọ sí Yunifásítì NOUN. Wọn kì í ní kéèyàn ṣe UTME kó tó wọlé, kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì gbà kéèyàn kó èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì pọ̀. Ìyẹn ni pé Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nìkan ló kù fún mi, ni mo bá ní màá ṣe GCE, ìdánwò WAEC tí àwọn tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ mọ́ máa ń ṣe.

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, mo ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin, mo sì sọ fún gbogbo ayé. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ṣe é láìyẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ẹbí ọdún Àjíǹde kó dé. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di oṣù méjì báyìí. Inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ni ìwé ìṣirò wà. Bí mo bá fa dúrọ́ọ̀ náà láti mú bọ́bìnì, kíá ni mo máa ń fa ọwọ́ mi jáde, bí ẹni pé ohun kan ń bẹ níbẹ̀ tó fẹ́ bù mí jẹ.

Ara mi ò kàn yá sí i mọ́ ni. Ìdánwò ti ìparí ọdún ni mo sì fẹ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń dá ìtara yín padà?

ÌyáÌbejìÀkúrẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Àǹtí, ẹ ò dá nìkan wà o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà lọ́dún tó kọjá, mo dé ìdajì, mo dúró. Mo jókòó síbí láti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ.

OlúẸ̀gbá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

NOUN tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni Ọbásanjọ́ lọ lẹ́yìn tó ti ṣe ààrẹ tán. Ìmọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni ló kà níbẹ̀, ó sì gba PhD lóṣù kìn-ín-ní 2018, ó ti lé lẹ́ni 80 ọdún nígbà náà. Ẹni ọdún 34 ṣì kéré. Ẹ gbéra!

MàmáDámi · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:12 àárọ̀

@OlúẸ̀gbá, ẹ ṣé tí ẹ fi gbà á níyànjú, ó dáa láti rántí pé ọjọ́ orí ò dí ìwé lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ti àǹtí yìí bó ṣe rí. Ẹni tí oníbàárà ń pè láàárín òru pé "aṣọ mi dà," tó tún máa dáná, tó máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀, àárẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kò nílò ẹni tó máa sọ fún un pé ọjọ́ ò tíì lọ. Ó mọ̀. Ohun tó ń béèrè ni bí òun ṣe máa ṣe é lọ́la.

MẹkáníìkìÌkòròdú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ẹ má bínú o, ìbéèrè tèmi yàtọ̀, tọkàntọkàn ni mo sì fi bi yín. Ẹ ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ní ọmọ iṣẹ́. Mo mọ àwọn tó gba digírì tí wọ́n ń wa ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an? Bóyá kì í ṣe pé ìtara tán, bóyá ọkàn yín ló ti mọ̀ pé nǹkan náà kì í ṣe tiyín.

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 alẹ́

@MẹkáníìkìÌkòròdú, ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè yín ò bí mi nínú, mo ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ aṣọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹnì kan mú mi lọ. Wọ́n ní kí n gé búláòsì kan níwájú wọn. Mo gé e, mo rán an, ó jókòó sára ọmọ tó wọ̀ ọ́ bí awọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá. Nígbà tí wọ́n rí F9 yẹn, ìyá tó ń bá mi sọ̀rọ̀ rọra ká ìwé náà pọ̀, ó dá a padà fún mi, ó ní "ẹ máa lọ ná." Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Títí dòní mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ nínú kíláàsì, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ìyẹn ò tíì yí padà.

MẹkáníìkìÌkòròdú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:41 alẹ́

Ó yé mi báyìí. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Tiyín ni.

AlájọÀáńdọ́gbọ̀n · Ọjọ́rú, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Iṣẹ́ àjọ gbígbà ni mò ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí nínú ọ̀rọ̀ "ara mi ò yá" yìí.

Gbogbo yín mọ bí àjọ ṣe ń lọ. Mo fún èèyàn ní káàdì, àpótí 31 ló wà nínú rẹ̀. Tó bá ń dá ₦500, ₦500 ni ojoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan jẹ́ tèmi, mo kó ìyókù fún un. Mi ò fi èlé kankan lé e. Ẹ wò ó dáadáa: owó ara rẹ̀ ló ń gbà, ó sì tún sanwó kó tó gbà á! Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bi oníbàárà mi pé kí ló dé tí kò fi í sínú kóló nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá yẹn ní, "Kóló kì í wá kí mi."

Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń sanwó fún. Bí òjò rọ̀, màá dé. Bí ọjà dá, màá dé, màá dúró níwájú igbá rẹ̀, màá yọ bíró. Kò sí alátà tí ara rẹ̀ máa ń yá láti yọ ₦500 lọ́jọ́ tí kò tà. Ó ń yọ ọ́ nítorí pé mo ti dé. Àwọn tó ní "alájọ, má wulẹ̀ wá lójoojúmọ́, màá máa kó o fún ẹ lópin ọ̀sẹ̀," mi ò rántí ẹni tó kó o délẹ̀ nínú wọn. Èèyàn gidi ni wọ́n, wọ́n sì ní owó ju àwọn tó kù lọ.

Nítorí náà, àǹtí, ẹ má wá ìtara. Ẹ wá ẹni tó máa dé. Tó bá jẹ́ pé mo wà ní Ìbàdàn ni, màá máa ya ọ̀dọ̀ yín wá sàmì sí káàdì ìwé yín.

ÌyáÌbejìÀkúrẹ́ · Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

"Kóló kì í wá kí mi." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

TísàÀgbàỌ̀yọ́ · Ọjọ́rú, 9:00 àárọ̀

Ọmọ mi, ó kú iṣẹ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè méjì. Ìkíní: ọjọ́ wo gan-an ni o ṣí ìwé ìṣirò yẹn gbẹ̀yìn? Ìkejì: kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́rú, 2:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ó jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún Àjíǹde. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, sà. Iṣẹ́ ló pọ̀.

TísàÀgbàỌ̀yọ́ · Ọjọ́rú, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ṣé inú dúrọ́ọ̀ lòun náà wà?

ỌmọKéúÌlọrin · Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo há Àlùkùránì sórí tán ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ojú ewé 604 ni irú èyí tí mo lò. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé irú ìtara wo ni mo ní. Mo máa ń sọ òtítọ́ fún wọn: oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ ni ìtara gbé mi dé. Láti ibẹ̀ lọ, ètò ààfáà mi ni.

Ètò náà nìyí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, màá ka ìdajì ojú ewé tuntun fún ààfáà láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá ka ti àná. Lẹ́yìn ìyẹn, màá ka apá kan nínú èyí tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ tí ara mi ò bá yá, ààfáà kì í lé mi, kì í sì í bú mi. Ó máa ń ní, "Òní, má mú tuntun. Ka ti àtijọ́ nìkan, kí o sì máa lọ sílé." Ó pẹ́ kí n tó mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kì í jẹ́ kí n ṣe òdo. Ó tún máa ń rí i dájú pé ohun tí mo mọ̀ dáadáa ni mo fi parí ọjọ́ tí inú mi bà jẹ́, kí n lè fẹ́ padà wá lọ́la.

Ọdún kẹta ló le jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ti jìnnà, òpin ò sì tíì hàn. Kò sẹ́ni tó ń yìn ọ́ mọ́, nítorí pé gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé o ń ṣe é. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ti dúró.

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́rú, 11:58 alẹ́

@TísàÀgbàỌ̀yọ́, sà, láti ìrọ̀lẹ́ ni ìbéèrè yín ò ti jẹ́ kí n gé aṣọ dáadáa.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà lórí tábìlì mi. Mò ń kà á. Àná gan-an mo ka ojú ewé méjì. Mi ò tiẹ̀ ronú nípa rẹ̀ àfi ìgbà tí ẹ béèrè.

Mo lọ síbì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe GCE, ọjọ́ Sátidé. Wọ́n fún wa ní ìdánwò ìṣirò, ìbéèrè 50 bíi ti WAEC, wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tí wọ́n máàkì rẹ̀ tán, olùkọ́ ń ka máàkì jáde sókè, ó sì ń tọ́ka sí ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ tó yí mi ká, èmi lè bí àwọn mìíràn nínú wọn. Ó pe orúkọ mi, ó ní, "Mọ́mì, 11." Ó ní kí n máa lọ máa ránṣọ. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo kó ìwé mi, mi ò padà lọ mọ́. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni aṣọ ẹbí dé. Inú mi dùn pé ó dé, sà. Ó fún mi ní àwáwí.

MàmáDámi · Ọjọ́bọ̀, 5:45 àárọ̀

Omijé bọ́ lójú mi. Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Olùkọ́ yẹn ò ṣe dáadáa rárá, kò sì sí ohun tó lè sọ ọ́ di dáadáa.

TísàÀgbàỌ̀yọ́ · Ọjọ́bọ̀, 8:20 àárọ̀

Ọmọ mi, mo tọrọ àforíjì lórúkọ gbogbo wa tó ń kọ́ èèyàn. Èmi náà ti ka máàkì sókè rí nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo sì rántí ojú ọmọ kan.

Wàyí o, gbọ́ mi. O wá síbí pé ìtara rẹ tán. Kò tán. Ìtara tó tán kì í yan ìwé, ì bá ti pa Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ìṣirò. Ìtìjú ló wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Oògùn méjèèjì ò sì jọra. Bí èèyàn bá ń wá ìtara, yóò máa gbọ́ ìwàásù, yóò máa pariwo mọ́ ara rẹ̀. Ìtìjú kì í gbọ́ ariwo. Ohun tó máa ń lé e lọ ni kí èèyàn tún fọwọ́ kan ohun tó dójú tì í, lójú ẹni tí kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó sì rí i pé òun lè ṣe é, ó kéré tán níbì kan.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbí. Bí oníbàárà bá ní kí o gé síkẹ́ẹ̀tì flare olódindi fún òun, tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ íńṣì 30, kí lo máa ń ṣe?

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́bọ̀, 9:05 àárọ̀

Màá fi 6.28 pín 30, sà. Ó máa fún mi ní íńṣì 4 àti díẹ̀ lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin. Màá ṣẹ́ aṣọ po sọ́nà mẹ́rin, màá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun, màá máa yí téèpù kiri, màá sì máa fi ṣọ́ọ̀kì tò ó títí á fi yí po. Tó bá jẹ́ flare ìdajì ni, 3.14 ni màá fi pín in.

TísàÀgbàỌ̀yọ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:22 àárọ̀

6.28 yẹn, níbo ló ti wá?

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́bọ̀, 9:24 àárọ̀

Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, sà.

TísàÀgbàỌ̀yọ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:50 àárọ̀

3.14 lọ́nà méjì ni. 3.14 yẹn ni wọ́n ń pè ní π nínú ìwé rẹ. Ohun róbótó èyíkéyìí, bí o bá wọn etí rẹ̀ yí po, yóò jẹ́ 2 × π × ìwọ̀n láti àárín dé etí. Etí róbótó náà ni ìbàdí oníbàárà rẹ. Ìwọ̀n láti àárín dé etí ni ohun tí téèpù rẹ ń wọ̀n láti igun aṣọ. Láti ọdún tí o ti ń gé flare lo ti ń ṣe ìbéèrè tí WAEC ń bi àwọn ọmọ yẹn, o sì ń ṣe é lórí aṣọ olówó iyebíye tí o ò gbọ́dọ̀ bà jẹ́. Lọ wo ìwé ìbéèrè rẹ níbi tí wọ́n ti kọ "circumference." Mú ìbéèrè mẹ́ta péré. Má ṣe ju mẹ́ta lọ. Gbé èsì wá síbí.

SísìPeckham · Ọjọ́bọ̀, 1:00 ọ̀sán

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìlú London, mo ti ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n máa fẹsẹ̀ rìn. Mo rin ọjọ́ 12, mo sinmi ọjọ́ kan, mo ní "ó ti bà jẹ́," mi ò rìn mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo!

Ohun tó tún mi gbé dìde ni ìwádìí kan tí Phillippa Lally àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní University College London níbí. Èèyàn 96 ni wọ́n tọpa fún ọ̀sẹ̀ 12. Kálukú yan ohun kékeré kan tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́, bíi kó mu omi lẹ́yìn oúnjẹ tàbí kó rìn. Wọ́n ń wo ìgbà tí nǹkan náà máa mọ́ èèyàn lára débi tí kò ní máa rò ó kó tó ṣe é. Àwọn kan, ọjọ́ 18. Àwọn kan, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó máa tó ọjọ́ 254. Àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 66. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n rí i pé ẹni tó fo ọjọ́ kan ò pàdánù ohun tó ti kó jọ. Ọjọ́ kan ò bà á jẹ́. Ohun tó ba tèmi jẹ́ ni ohun tí mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ kejì.

Nísinsìnyí, bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ jáde láàárọ̀, mi ò wọ bọ́ọ̀sì níwájú ilé iṣẹ́. Mo máa ń rìn dé ibùdókọ̀ kẹta. Mi ò bi ara mi bóyá ó wù mí.

ỌmọÒkèÒgùn · Ọjọ́bọ̀, 7:40 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó bà jẹ́ yìí mú mi rántí ọmọ ilẹ̀ wa, Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé iná jó ilé rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1862. Àwọn ìwé tó ti fọwọ́ kọ jóná, títí kan ọ̀rọ̀ Yorùbá àti òwe tó ti ń ṣà jọ láti bí ọdún 11. Ẹ rò ó wò. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kankan.

Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, ọdún 22 lẹ́yìn iná yẹn. Mi ò ní sọ pé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí: òun nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn wà nídìí ìtumọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé lè jóná, ẹni tí ẹ jọ ń ṣe é ṣì wà. Ó bá ọ̀rọ̀ alájọ mu.

Awakọ̀Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ẹtì, 12:30 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi tèmi kún un, kí ẹnikẹ́ni tó ń kà yìí má bàa rò pé gbogbo ohun téèyàn fi sílẹ̀ ló yẹ kó padà gbé. Ọdún méjì ni mo fi ń kọ́ èdè Jámánì, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi lọ, ó ní kí n máa bọ̀. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi bi mí pé tí wọ́n bá fún mi ní físà lónìí, ṣé màá lọ. Mo dákẹ́. Mi ò fẹ́ fi ìyá mi sílẹ̀. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, owó tí mo ti ná ló ń dùn mí. Mo kó ìwé náà fún ọmọ àdúgbò kan. Oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti sun irú rẹ̀.

Ti àǹtí yìí yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ìdáhùn. Ó ṣì ń gbọ́ ohùn ìyá tó ká ìwé rẹ̀ pọ̀ yẹn. Èmi ò gbọ́ ohùn kankan.

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́ Ẹtì, 11:10 alẹ́

Mo ṣe mẹ́ta náà, sà. Mo gba méjì. Ìkẹta, mo gbàgbé láti fi 2 pín ìwọ̀n tí wọ́n fún mi, torí ti odindi àárín ni wọ́n fún mi, láti etí dé etí. Nígbà tí mo rí àṣìṣe náà, mo rẹ́rìn-ín. Irú àṣìṣe tí ọmọ iṣẹ́ mi máa ń ṣe nìyẹn tó bá gbàgbé pé aṣọ ti ṣẹ́ po.

Ìwé náà ti kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Òwú pupa kan wà láàárín rẹ̀, níbi tí mo ti kà á dé lóṣù kẹta. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

@AlájọÀáńdọ́gbọ̀n, mo ra káàdì àjọ kan lọ́wọ́ alájọ àdúgbò wa ní ₦100. Ó bi mí pé èló ni mo fẹ́ máa dá. Mo ní ìbéèrè mẹ́ta lójúmọ́.

AlájọÀáńdọ́gbọ̀n · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:30 àárọ̀

Olúwa á tì yín lẹ́yìn. Ta ló máa sàmì sí i? Ẹ má fi bíró sọ́wọ́ ara yín o. Ẹni tó ń dá kọ́ ló ń sàmì.

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:02 àárọ̀

Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ni. Ẹni ọdún 19, òun náà fẹ́ ṣe WAEC. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ 11 yẹn fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mú káàdì wá."

TísàÀgbàỌ̀yọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:00 àárọ̀

Ó dára. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó wọ lọ́gárídímù. Má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ohun tó ń béèrè ò ju èyí lọ: 2 mélòó ni mo máa fi sọ ara wọn di púpọ̀ kí n tó rí 8? Mẹ́ta ni, 2 × 2 × 2. Mẹ́ta yẹn ni lọ́gárídímù. Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ, màá wà níbí.

ÌyáÌbejìÀkúrẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:15 ọ̀sán

Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá sí Ọjọ́bọ̀ náà? Mi ò ṣe ìdánwò kankan. Mo kàn fẹ́ wà níbẹ̀ ni.

TísàÀgbàỌ̀yọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:40 ọ̀sán

Máa bọ̀, ọmọ mi.

AránṣọEléyẹlé · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, 9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe ń lọ.

Káàdì kìn-ín-ní, àpótí 26 ló ní àmì nínú 31. Ìkejì, 19. Ọ̀sẹ̀ tí 19 yẹn bà jẹ́, àìsàn ibà ló dá ọmọ mi gúnlẹ̀, mi ò sì ṣí ìwé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹsàn-án le ju gbogbo ọjọ́ lọ. Mo tún ń gbọ́ "Mọ́mì, 11." Mo rántí ohun tí ỌmọKéúÌlọrin sọ, mi ò mú tuntun kankan, ìbéèrè róbótó mẹ́ta tí mo ti mọ̀ ni mo tún ṣe, mo sì lọ sùn.

Lánàá mo jókòó sí ìbéèrè 50, wákàtí kan àbọ̀, fóònù wà ní yàrá kejì. Ọmọ iṣẹ́ mi ló máàkì rẹ̀. 23 ni mo gbà. Kò tíì tó, mo mọ̀. Lọ́gárídímù ṣì ń gba mẹ́rin lọ́wọ́ mi nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n mo sọ máàkì náà fún ọkọ mi, mo sì sọ ti 11 náà fún un.

Àpótí òní ò tíì ní àmì. Ọmọbìnrin yìí ti kó aṣọ kúrò lórí tábìlì, ó ti gbé káàdì síwájú mi, ó sì di bíró mú. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe mẹ́ta mi.